Ta ni Àgbẹ̀ Máa Bi? Ọ̀rọ̀ Lórí Oògùn Oko

  Bá a ṣe máa ń ṣe, ohun tí mo sọ lórí ètò la kọ sílẹ̀ síbí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣọ́ dátà yín lò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Tí àgbẹ̀ bá ra oògùn oko, tí kò sì mọ bó ṣe yẹ kóun lò ó, ta ló máa bi?

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fẹ́ yí i kọjá. "Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, kí ló kàn mí níbẹ̀, èmi tí mò ń gbé ní Súrùlérè?" Ẹ ní sùúrù. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ jẹ lánàá, oko ló ti wá. Tòmátò, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ata rodo, gbogbo wọn ni ẹnì kan ti gbé oògùn dé orí wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, tàbí kó ti rò ó wò bóyá kóun ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹni náà mọ̀ lọ́jọ́ náà, àti ohun tí kò mọ̀, ń bá oúnjẹ bọ̀ wá sílé yín.

Nígbà tí mo bá sì ń sọ pé oògùn oko, oríṣi mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn: èyí tó ń pa kòkòrò, èyí tó ń pa koríko, àti èyí tó ń pa àrùn tó ń mú kí èso àti ewé jẹrà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà débẹ̀.

Ohun tó wà lára ìgò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látara ìgò. Oògùn oko tí NAFDAC bá mọ̀ sí gbọ́dọ̀ ní ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lórí ìwé yẹn lẹ ti máa rí orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún oògùn náà, àti orúkọ èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an nínú rẹ̀. Ẹ máa rí nọ́ńbà NAFDAC, irúgbìn tí oògùn náà wà fún, iye tó yẹ kéèyàn lò, aṣọ tó yẹ kéèyàn wọ̀, àti ohun tó yẹ kéèyàn ṣe tó bá ta síni lójú. Nísàlẹ̀, ọ̀já aláwọ̀ kan sábà máa ń wà. Tó bá jẹ́ pupa, oró rẹ̀ le jù. Yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, búlúù tẹ̀ lé ìyẹn, àwọ̀ ewé ni oró rẹ̀ kéré jù. Àmọ́ àwọ̀ ewé ò túmọ̀ sí pé kéèyàn máa fi ọwọ́ lásán rò ó pọ̀ o.

Nǹkan méjì kan tún wà lórí ìwé náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Èkíní ni iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ìgbà téèyàn fín oògùn àti ìgbà tó máa kórè. Ká ní ìwé ní ọjọ́ méje. Tí wọ́n bá fín ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n sì já a ní Ọjọ́bọ̀ torí pé oníbàárà ti dé láti Mile 12, tẹ̀ẹ́ẹ̀rẹ̀ ni oògùn yẹn ń tẹ̀ lé ẹ̀fọ́ náà lọ sọ́jà. Èkejì ni iye àkókò tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi wọ oko lẹ́yìn tí wọ́n bá fín in tán, títí kan ìyàwó tó fẹ́ já ewé àti ọmọ tó gbé oúnjẹ wá.

Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Èmi tí mo jáde ní yunifásítì, ńṣe ni mo ya fọ́tò rẹ̀, tí mo sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, kí n tó rí i kà. Kéèyàn tiẹ̀ wá rí i kà, ohun tó máa bá níbẹ̀ ni "lítà kan fún hẹ́kítà kan." Ẹ wá sọ fún mi, ọkùnrin tó ń gbé táńkì lítà 16 kọ́ ẹ̀yìn, tó ń rìn láàárín igi kòkó, báwo ló ṣe máa mọ èyí tó kan táńkì tirẹ̀ nínú lítà kan yẹn?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó pa pọ̀, torí ibí gan-an ni iṣẹ́ ẹni tó ń ṣàlàyé oògùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn ilẹ̀ tó jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú, mítà mẹ́wàá lóròó. Ẹ bu omi lásán sínú táńkì, omi nìkan, kẹ́ ẹ sàmì síbi tó dé. Ẹ rìn bẹ́ ẹ ṣe máa ń rìn gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ fín ilẹ̀ náà tán. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye omi tó dín. Ká ní lítà 2 ló lọ. Irú ilẹ̀ yẹn lọ́nà ọgọ́rùn-ún ló ń jẹ́ hẹ́kítà kan, torí náà lítà 200 lẹ máa lò lórí hẹ́kítà kan. Táńkì lítà 16 méjìlá àti ààbọ̀ nìyẹn. Ó kù kẹ́ ẹ pín lítà kan oògùn, tó jẹ́ mìlílítà 1,000, sí ọ̀nà méjìlá àti ààbọ̀. Mìlílítà 80 ló kan táńkì kọ̀ọ̀kan.

Mìlílítà 80. Kì í ṣe ìdérí méjì. Kì í ṣe "máa dà á títí omi á fi funfun." Tí ẹsẹ̀ yín bá sì yá ju ti ẹnì kejì yín lọ, iye tiyín máa yàtọ̀ sí tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó lè jókòó sí ìsọ̀ kó sọ iye tó kàn yín láìmọ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn.

Ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń dáhùn

Nígbà tí mò ń gba ohùn sílẹ̀ fún ètò yìí, mo dé ìlú kan tí wọ́n ti ń gbin kòkó ní Ọ̀ṣun. Mo bá ọmọkùnrin kan pàdé níbẹ̀ tó jẹ́ pé oògùn fínfín ló fi ń jẹun. Kò ní oko tirẹ̀. Àwọn bàbá tó ní oko ló ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, táńkì mélòó ló bá fín ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń wọn oògùn. Ó ní ìdérí méjì. Ta ló sọ fún un? Ẹni tó tà á. Tí kòkòrò ò bá wá kú ńkọ́? Ó ní òun ti padà lọ bá a rí, ó sì ní kóun sọ ọ́ di mẹ́ta.

Mo bi í bóyá ó ti bi ẹlòmíì rí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n bi?"

Ìdáhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni ẹni tó tà á fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko ló ń gbìyànjú, àwọn kan nínú wọn sì mọ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Àmọ́ ṣé èèyàn máa ń bi ẹlẹ́mu bóyá ẹmu rẹ̀ ti kan? Ẹni tó ń jẹun lórí oògùn, ó ṣòro kó sọ fún yín pé, "Má rà á, ọ̀rọ̀ tìẹ ò gba oògùn." Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn tó tọ́ nìyẹn gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè lórí oògùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní oògùn láti tà. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò bá sí, ẹni tó ń tajà ló máa di olùkọ́.

Kòkó àti Ìdí-Ayùnrẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀tá méjì pàtàkì ló wà fún un lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan jẹ́ kòkòrò, òun ni wọ́n ń pè ní mirid, tó máa ń fa omi ara igi àti ti èso mu títí á fi gbẹ. Ìkejì ni àrùn tó máa ń sọ èso kòkó di dúdú, tó sì máa ń jẹ ẹ́ rà nígbà òjò. Oògùn kòkòrò ò lè ran ẹni tí èso rẹ̀ ń dúdú lọ́wọ́. Ó lè fi ìdérí mẹ́wàá kún un, owó rẹ̀ ló ń dà nù, ara rẹ̀ ló sì ń fi oró fín. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó ṣe ò gbówó lọ́wọ́ rẹ̀ rárá: kó ká àwọn èso tó ti jẹrà kúrò lórí igi, kó sì gé àwọn ẹ̀ka tó dí jù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ oògùn tó ní kọ́pà nínú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Ibì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ ìyàtọ̀ yìí. Àjọ tó ń ṣèwádìí lórí kòkó ní Nàìjíríà, CRIN, wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn. Ọdún 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lára iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n dán oògùn wò lórí kòkó, kí wọ́n sì sọ èyí tó yẹ káwọn àgbẹ̀ lò àti èyí tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn tún wá le sí i ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, nígbà tí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí iye oògùn oko tó lè ṣẹ́ kù sára oúnjẹ tó ń wọ ilẹ̀ wọn. Láti ọjọ́ yẹn, oògùn tí àgbẹ̀ Ìdànrè fín lè mú kí wọ́n dá kòkó padà ní èbúté Yúróòpù.

Ẹ bi bàbá yín àgbà léèrè nípa Gammalin 20. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Lindane ló wà nínú rẹ̀. Nígbà kan rí, òun làwọn onímọ̀ fúnra wọn ní káwọn àgbẹ̀ fín sí kòkó. Àwọn kan tiẹ̀ ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí i pé oró rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti nínú ara ohun ẹlẹ́mìí, ní ọdún 2009 sì ni wọ́n fi lindane sínú àdéhùn Stockholm, níbi táwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò láti fòpin sí irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, bàbá tó fi Gammalin kọ́ iṣẹ́ ò purọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló fi kọ́ni. Ìmọ̀ oògùn máa ń kọjá ọjọ́ bí oògùn fúnra rẹ̀ ṣe máa ń kọjá ọjọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó máa wá sí oko láti sọ pé, "Bàbá, ti tẹ́lẹ̀ ti yí padà o. Ìdí tó fi yí padà rèé, ohun tẹ́ ẹ máa lò báyìí rèé."

Ẹ̀wà ọdún 2015

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí kòkó, ká wá sórí ohun tí gbogbo wa ń jẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà náà ni dichlorvos, èròjà kan náà tó wà nínú Sniper. Ìwọ̀n tí òfin wọn fàyè gbà jẹ́ mìlígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6. Ẹ fi kọ̀ǹpútà ọwọ́ yín pín in wò: èyí tó ga jù nínú rẹ̀ fi ìlọ́po 460 ju ti òfin lọ. Ní ọdún 2016, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún ìfòfindè náà.

Ọ̀pọ̀ wa bínú nígbà yẹn pé òyìnbó ń fi wá wọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ̀wà tí wọn ò gbà lọ́hùn-ún, ta ló kù tó máa jẹ ẹ́?

Ẹni tó da oògùn sínú ẹ̀wà ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Kòkòrò ló ń bá a jà. Ẹ̀wà tó kó pamọ́ pé kóun tà nígbà tówó bá gun òkè, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ti di ihò kìkì. Gbèsè ọmọ ilé ìwé wà nínú àpò yẹn. Ohun tó mọ̀ ló lò.

Bẹ́ẹ̀, ohun mìíràn wà tó yẹ kí ẹnì kan sọ fún un. Ní Ìlọrin, àjọ kan wà tó ń jẹ́ NSPRI, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí bá a ṣe lè tọ́jú irè oko lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi ilẹ̀ pàtàkì kan ṣe, tí kì í ṣe kẹ́míkà olóró. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń ba èèpo ara kòkòrò jẹ́ títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Àpò onípele mẹ́ta náà tún wà, táwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àtàwọn àgbẹ̀ ní Kamẹrúùnù jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní nǹkan bí ìparí ọdún 1980 sí i. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò híhun sì wà níta. Tẹ́ ẹ bá da ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sínú rẹ̀, tẹ́ ẹ so ó le, kòkòrò tó wà níbẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, kò sì ní lè jẹ ẹ̀wà tàbí bí ọmọ mọ́. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ń ta Sniper tó máa fi ìyẹn hàn yín.

Ìkéde kì í ṣe àlàyé

Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kéékèèké mìlílítà 100 káàkiri ọjà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024, ó kan paraquat tí wọ́n fi ń pa koríko. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025, ó kan atrazine, táwọn olóko àgbàdo mọ̀ dáadáa. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbé paraquat mì, kò sí oògùn kankan tó ń pa oró rẹ̀. Kékeré rẹ̀ tó láti gbẹ̀mí èèyàn.

Àmọ́ ẹ fi ara yín sípò ìyá kan tó ń gbin àgbàdo ní Òkè-Ògùn. Ó gbọ́ lórí rédíò pé kóun má lo atrazine mọ́. Ó dáa. Koríko ò gbọ́ rédíò, ó ń hù lọ ní tirẹ̀. Ṣé kó padà sí ọkọ́ ni? Owó alágbàṣe ńkọ́? Ṣé kó fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, àbí kó gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀ kó lè bo ilẹ̀ mọ́ koríko lórí? Lítà méjì tó ṣẹ́ kù nínú yàrá ńkọ́, ibo ló máa gbé e sí? Ìkéde máa ń parí síbi "má lò ó mọ́." Ibẹ̀ gan-an ni àlàyé ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sẹ́ni tó máa ṣe é, ìgò tí ò ní nọ́ńbà lára, tí wọ́n gbé gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ló máa gba ipò èyí tí wọ́n fòfin dè.

Fóònù kan ní Oregon

Kó má bàa dà bíi pé àlá ni mò ń rọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ National Pesticide Information Center. Láti ọdún 1995 ló ti wà níbẹ̀, lábẹ́ àdéhùn pẹ̀lú àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, ìyẹn EPA. Fóònù lolórí iṣẹ́ wọn. Àgbẹ̀ lè pè wọ́n, ẹni tó ń fín oògùn lè pè wọ́n, ìyá tí ajá rẹ̀ lá oògùn eku náà lè pè wọ́n.

Wọn kì í ta oògùn. Wọn kì í mú èèyàn, wọn kì í búni. Ńṣe ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi yín ní ìbéèrè: kí lorúkọ oògùn náà, kí ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí lẹ fẹ́ lò ó fún, kí ló ṣẹlẹ̀, ìgbà wo? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣàlàyé ohun tó wà lórí ìwé ara ìgò àti ohun tí ìwádìí sọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá pinnu.

Irú rẹ̀ mìíràn wà ní Yunifásítì Florida, èyí tó gbájú mọ́ àwọn tó ń fín oògùn. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, àwọn oògùn kan wà tí oró wọn le débi pé ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, nìkan ló lè lò wọ́n. Ilé iṣẹ́ yìí ló ń ran àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé kíkà àti ẹ̀kọ́. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 67 tó wà ní Florida, káwọn náà lè dáhùn ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà oko.

Lọ́dọ̀ wa, a ò bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. NAFDAC ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. CRIN wà, NSPRI wà, ADP tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ bá àwọn àgbẹ̀ wà. Àmọ́ nínú gbogbo àgbẹ̀ àtàwọn tó ń fín oògùn tí mo bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè ka nọ́ńbà kan ṣoṣo fún mi lórí, tó lè pè láàárọ̀, kí wọ́n sì fi Yorùbá dá a lóhùn. Ohun tó yẹ ká máa bi ìjọba nìyẹn. Kò gba ilé alájà mẹ́wàá. Ó gba fóònù, ẹni tó mọṣẹ́, àti èdè tí àgbẹ̀ gbọ́.

Ẹni tó gbé táńkì kọ́ ẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin wa tó ń fín oògùn. Òun gan-an ni oògùn ń fara kàn jù. Àgbẹ̀ lè fín oko rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Ọmọkùnrin yìí lè fín oko mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Táńkì ń jò sí i lẹ́yìn, ó sì gbà pé tóun ò bá ti gbé e mì, kò séwu.

Oògùn kì í gba ẹnu nìkan wọlé. Awọ ara ń fà á mu. Ohun tí ẹni tó mọṣẹ́ máa sọ fún un rèé: kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàtà òjò, ẹ̀wù alápá gígùn àti ohun tó máa bo ojú àti imú. Kó fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò sí ìta bàtà, kí oògùn má bàa ṣàn wọ inú bàtà. Kó má fín in nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gan-an. Kó má jẹun, kó má mu sìgá títí á fi wẹ̀. Kí wọ́n fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, kí wọ́n má kó o mọ́ aṣọ ọmọ. Tí ìgò bá tán, kó da omi sínú rẹ̀, kó mì ín dáadáa, kó dà á sínú táńkì, kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó wá lu ìgò náà jálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i fi bu epo tàbí omi.

Tí orí bá ń fọ́ ọ, tí itọ́ ń dà, tí òógùn ń bò ó láìnídìí, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ bọ́ aṣọ yẹn, ẹ fi omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé nìyẹn, àmọ́ epo pupa kì í pa oró oògùn oko. Ẹ má fi ọwọ́ sí i lọ́fun pé kó bì. Ẹ mú ìgò náà dání lọ tàbí kẹ́ ẹ ya fọ́tò ìwé ara rẹ̀, torí orúkọ èròjà tó wà níbẹ̀ ni dókítà máa fi mọ ohun tó máa ṣe.

Ohun tí fóònù yín lè ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ẹnì kan lóko. Bàbá àgbà, àǹtí, ẹ̀gbọ́n tó sọ pé òun fẹ́ gbin ata lẹ́yìn ilé ní Mọ̀wé. Nígbà míì tí wọ́n bá ra oògùn, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ìwé ara ìgò, iwájú àti ẹ̀yìn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà NAFDAC. Tí kò bá sí, kí wọ́n dá a padà. Ẹ wá orúkọ èròjà inú rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kò sí lára àwọn tí wọ́n ti fòfin dè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohùn yín ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn ní Yorùbá: irúgbìn tó wà fún, iye tó yẹ, iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó kórè. Ẹ má fi tiyín kún un. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ má méfò o. Ẹ bá wọn béèrè lọ́dọ̀ NAFDAC ìpínlẹ̀ yín, tàbí ADP, tàbí CRIN tó bá jẹ́ ti kòkó.

Mo ṣe é pẹ̀lú ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. A jókòó sábẹ́ igi, mo ka ìwé ara ìgò fún un láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé orí irúgbìn tí oògùn náà wà fún, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Kòkó ò sí níbẹ̀. Ó ti fín in láti ọdún tó kọjá.

Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn bi mí bóyá àwọn tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ yẹn máa ń gbé fóònù.

Ibi tá a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ní oko, àti sí ẹnì kan tó ń ra ẹ̀wà. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a máa wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kì í sì í ta oògùn. Ó dìgbà kan ná o.